Ẹ wo déètì ara físà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ìyàwó wa, ẹ kú ìmúra o. Mo pè yín ní ìyàwó wa nítorí ẹ ní ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni ọkọ yín. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lèmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjìlósùn ní Adó ni mò ń gbé báyìí. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ yín á pé ogójì ọdún ní Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, ẹ̀yin méjì péré lẹ wà ní Manchester, ẹ sì fẹ́ fi Paris yà á lẹ́nu láti Fúráìdè sí Sọ́ńdè. Òtẹ́ẹ̀lì tó dára lẹ ní ká júwe, àti bí èèyàn ṣe ń gbé kéèkì wọ ọkọ̀ ojú irin tí kò fi ní bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé kéèkì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Físà ńkọ́? Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, mi ò rí físà níbẹ̀. Àyà mi já, torí mo mọ ohun tí físà fojú èmi rí.

Ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba kì í ṣe físà Faransé. Ẹni tó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ì báà ti lo ọdún mẹ́wàá ní Manchester, ó gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, èyí tí Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, kó tó fẹsẹ̀ tẹ Paris. Tó bá jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fò mí kọjá, ẹ máa bá tiyín lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè fi yà á lẹ́nu, torí òun fúnra rẹ̀ ni yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ tẹ̀ka níwájú wọn. Ta ló ń tẹ̀ka fún ohun tí kò mọ̀?

Ẹ gbọ́ tèmi.

2018 ni. Leeds là ń gbé. Àwọn ọmọ wa méjèèjì wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìkẹ́rẹ́, èmi àti ìyàwó mi là ń wo ojú ara wa nínú yàrá kan àti pálọ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, ọdún márùndínlógójì ló máa pé. Ó ti sọ fún mi pé láti ìgbà tá a ti dé ìlú òyìnbó, ọjọ́ ìbí òun kò yàtọ̀ sí ọjọ́ ìfọṣọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo ní Paris ni màá gbé e lọ.

Oṣù kẹjọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé Sátidé la máa wọlé, Sọ́ńdè la máa jáde. Ìwé báńkì oṣù mẹ́ta, lẹ́tà ibi iṣẹ́, ìwé òtẹ́ẹ̀lì, ìwé adójútòfò tó lè san 30,000 Yúrò bí àìsàn bá dé, gbogbo rẹ̀ ni mo kó jọ. Owó físà jẹ́ 60 Yúrò lórí ẹnì kan nígbà yẹn. Láti oṣù kẹfà 2024 ó ti di 90, yàtọ̀ sí ti àwọn agbowó tó ń bá wọn gba fọ́ọ̀mù. Manchester yín níbẹ̀ la ti lọ fi ìwé sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù ló jókòó síwájú wa. Ó ṣí ìwé tí mo fi oṣù kan kó jọ láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó ní kò sí wàhálà. Kò sí wàhálà!

Físà jáde. Mo rí àwòrán wa lára rẹ̀, mo fò sókè. Mi ò ka ohun tó kù.

Ibi tí nǹkan ti wọ́ rèé. Mi ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn, wọ́n ti kì wá nílọ̀ pé ká má rà á kí físà tó jáde. Nígbà tí mo wá fẹ́ rà á, mo rí i pé ti alẹ́ Fúráìdè rọjú ju ti àárọ̀ Sátidé lọ. Mo wá rò ó pé kí ló dé tí ìyàwó mi ò ní jí sí Paris láàárọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀? Mo ra ti Fúráìdè. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì, mo fi alẹ́ kan kún un. Inú mi ń dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Ẹ má rò pé ìgbà tí ẹ bá dé Faransé ni ọlọ́pàá Faransé máa tó yẹ̀ yín wò. Inú ibùdókọ̀ ojú irin St Pancras ní London ni wọ́n jókòó sí. Ìyàwó mi wọ ìró àti bùbá àdìrẹ aláró tí àǹtí rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Adó, ó we gèlè, àwọn òyìnbó ń wò ó, òun náà mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ó kàn wá. Ọkùnrin inú gíláàsì náà ṣí pásípọ́ọ̀tù, ó wò ó, ó tún wò ó. Ó wá fi ìdí bírò kan ara físà lẹ́ẹ̀mẹta, kọ́, kọ́, kọ́. 13-10-18. Ó ní, "Ọ̀la."

Aago méje ti lù dáadáa. Ọkọ̀ tiwa máa gbéra ní aago mẹ́jọ, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń lò dé Paris, Faransé sì fi wákàtí kan ṣíwájú London. Aago mọ́kànlá á ti kọjá kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Kò ní ku wákàtí kan kí ó tó di ọ̀la tó ń wí yìí! Mo ṣàlàyé. Mo fi ìka ṣírò aago fún un. Mo ní ìyàwó mi ló ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ó ku díẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ti nawọ́ sí ẹni tó wà lẹ́yìn wa.

Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó tú gèlè, ó ká a bí ẹni ká ẹní, ó fi sínú báàgì. Ó yọ yẹtí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ bàtà gogoro, ó wọ sálúbàtà tó fẹ́ wọ̀ nínú òtẹ́ẹ̀lì.

Pálọ̀ ọmọ ìlú wa kan ní Peckham la sùn sí. Ní aago méjìlá gééré, fóònù dún láti Ìkẹ́rẹ́. Ìyá mi ti jí àwọn ọmọ láti kọrin ọjọ́ ìbí. Wọ́n kọrin tán, ìyá mi gbàdúrà títí, èyí àbúrò wá já fóònù gbà: "Màámi, ṣé ẹ ti dé Paris?" Ìyàwó mi wo ògiri. Ó ní, "A ti dé, ọkọ mi." Ọmọ ní, ṣé ó tutù níbẹ̀? Ó ní ó tutù.

Ẹ wá gbọ́ ti Sátidé. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a rà ní ọjọ́ náà gan-an lé ní ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní a ò yọjú lálẹ́ ọjọ́ kìíní, àwọn ti fi yàrá fún ẹlòmíràn, owó ò sì ní padà. A rí yàrá kan nítòsí ibùdókọ̀, ó kéré débi pé orí ibùsùn la gbé àpótí lé kí ilẹ̀kùn tó lè pa dé. A rí ilé gogoro Eiffel láti ìsàlẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn wìrìwìrì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyàwó mi ní ó dára. Ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Mo kọ ímeèlì sí àwọn agbowó fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dáhùn, wọ́n dúpẹ́ pé mo bá wọn da òwò pọ̀. Ìyàwó mi ní èmi ni mo yí ọjọ́ padà, kí ló kan ọmọ ọlọ́mọ. Òótọ́ ni, èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó yẹ ìwé èèyàn wò, tí kò lè la ẹnu sọ pé "ọ̀gá, ẹ ò gbọ́dọ̀ wọlé ṣáájú ọjọ́ yìí o", kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀? Kó máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù?

Ní tiyín, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tó. Òfin wọn ni pé èèyàn lè gbé ìwé lọ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò; tó bá pẹ́ jù, kó ku ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 náà ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, ó sì lè di 45. Ẹ ò sì tíì gba ọjọ́ tí ẹ máa lọ tẹ̀ka o. Ẹnikẹ́ni tó bá yọ sí yín lórí WhatsApp pé òun ní ọ̀nà ẹ̀yìn, pé òun lè bá yín wá àyè kíákíá, ẹ sá fún un bí ẹni rí ejò.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kúkú lọ Dublin ní Ireland, pé wọn ò sí nínú Schengen. Wọn ò sí níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n físà tiwọn wà lọ́tọ̀, ọmọ Nàìjíríà sì gbọ́dọ̀ gbà á. Belfast kò ní wàhálà, abẹ́ Ìlú Ọba ló wà. Ewu rẹ̀ ni pé láti Belfast sí Dublin, ẹ ò ní rí géètì ẹnubodè kankan lójú ọ̀nà. Ẹ ó rò pé ilẹ̀ kan náà ni, àfi ìgbà tí ọlọ́pàá bá wọ inú bọ́ọ̀sì tó ní ẹ mú ìwé wá.

Edinburgh ni kí ẹ lọ. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ni nínú ọkọ̀ ojú irin, kò sẹ́ni tó máa béèrè pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ yín. Ilé ọba wọn àtijọ́ jókòó lórí àpáta ńlá kan láàárín ìgboro, bí ọkọ yín bá rí i, òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ló máa kọ́kọ́ rántí. Òtẹ́ẹ̀lì: èyí tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà. Ẹ̀wù òtútù: ẹ mú un. Ìyẹn ò le.

Bí owó ò bá sì tó, ilé náà dára. Ní 2019, ilé la jókòó sí. Ìyàwó mi ní òun ò ní jẹ ìyẹ̀fun inú páálí lọ́jọ́ ìbí òun, uyán lòun fẹ́. A ra iṣu Gánà kan tó tóbi bí itan èèyàn, a yá odó, a tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, torí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà. A ò tíì gún un fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òyìnbó abẹ́ wa fi fi igi kan àjà rẹ̀, gbà, gbà. A dúró díẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀, iyán tí kò kúnná kò ṣeé jẹ. Ó gòkè wá pẹ̀lú aṣọ ìsùn, ó béèrè bóyá ilé là ń túnṣe. Ìyàwó mi bu iyán sínú àwo kékeré kan, ó bu ẹ̀gúsí lé e, ó gbé e fún un. Kò padà wá fi igi kan àjà mọ́. Ó fọ àwo náà, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àmọ́ ẹ má fi tiwa ṣe àwòkọ́ṣe ju bó ṣe yẹ lọ: láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí méje àárọ̀, kánsù ò ní fojú fo ariwo, kì í sì í ṣe gbogbo òyìnbó lẹ lè fi ẹ̀gúsí pẹ̀tù sí lọ́kàn.

Nǹkan méjì tún wà tí ẹ ò béèrè. Nínú oṣù kọkànlá, aago Nàìjíríà á ti fi wákàtí kan ṣíwájú ti Ìlú Ọba. Bí ìyá ọkọ yín bá pè ní méjìlá òru ti Ìkẹ́rẹ́, mọ́kànlá ni lọ́dọ̀ yín, ọjọ́ ìbí ò tíì dé, àdúrà á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè wí fún wọn. Èkejì, bí ẹ bá padà wá lọ Paris lọ́jọ́ iwájú, ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dé ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ẹni tó ráyè ṣe fàájì ní Paris kò lè sọ pé òun ò rówó páánù. Mo san owó páánù náà.

Láti 2022 tá a ti padà sílé, Ìkògòsì là ń lọ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ó máa ń ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, ó ti èkejì bọ tútù níbi tí méjèèjì ti pàdé, á jókòó síbẹ̀ títí ebi á fi pa mí.

Ẹ̀ẹ́hẹ̀n, kéèkì. Ìyàwó mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní mi ò dáhùn ohun tí ẹ béèrè. Ó ní kéèkì tí bọ́tà bá pọ̀ lórí rẹ̀ á rọ̀ nínú ọkọ̀, torí wọ́n máa ń tan hítà lásìkò òtútù; kéèkì eléso ni kí ẹ rà, kó wà nínú páálí, orí itan ni kí ẹ gbé e lé, ẹ má gbé e sókè lọ́dọ̀ ẹrù. Ó ní kí ẹ má gbàgbé ìṣáná, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kì í ní in.