Báwo ni mo ṣe lè fi kọ̀ǹpútà fara wé ọpọlọ tó ń rí ìrìn níbi tí kò sí?

Àwòṣe bí ojú ṣe ń mọ ìrìn, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hassenstein àti Reichardt gbé jáde ní 1956, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Mú ojúkò méjì tó sún mọ́ra, A àti B. Dá iye ìmọ́lẹ̀ A dúró fún fírémù kan (àwòrán ẹyọ kan nínú fídíò), kí o sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú B ti ìsinsìnyí. Ṣe òdìkejì rẹ̀, kí o dá B dúró, kí o sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú A, kí o wá yọ èsì kejì kúrò nínú àkọ́kọ́. Bó bá ju òdo lọ, ìrìn ń ti A lọ sí B.

Ibi tí èèyàn ti sábà ń kùnà ni ìpíndọ́gba ìmọ́lẹ̀: yọ ọ́ kúrò ṣáájú ìsọdipúpọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o kò ní rí ẹ̀tàn tí Stuart Anstis, onímọ̀ nípa ìríran, ṣàlàyé ní 1970: bí dúdú àti funfun bá ń gba ipò ara wọn ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá sún síwájú, ẹ̀yìn lojú ń rí i pé ó ń lọ. Nínú àwòṣe, àmì èsì (+ tàbí −) ló yí padà. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn, o kò fi nǹkan kan kún un.

Àwòrán tó dúró gbagidi, bí àwòrán àwọn ejò tó dà bíi pé wọ́n ń yí, tí Akiyoshi Kitaoka yà ní 2003, yóò fún ọ ní òdo, torí apá méjèèjì dọ́gba. Kí àwòṣe tó lè rí ìrìn níbẹ̀, jẹ́ kí dúdú àti funfun yára dé inú rẹ̀ ju àwọn àwọ̀ àárín lọ, kí o sì máa pa àwòrán náà, kí o máa tàn án, torí ṣíṣẹ́ ojú àti ìsún ojú ló ń jí ẹ̀tàn yìí.