Bí yírunyírun bá tún padà mú ọmọ, ẹ ní kí wọ́n yẹ kọ́ńpílímẹ́ńtì rẹ̀ wò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní yírunyírun, èyí tí àwọn dókítà wa ń pè ní méningite, tún mú ọmọ yín lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ará ilé sì ń sọ pé ayé ló ń ṣe é. Bó ṣe ṣe ọmọ tèmi náà nìyẹn ní Kétu níbí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ bi dókítà léèrè bóyá kọ́ńpílímẹ́ńtì ọmọ náà pé.

Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n, wọ́n lé ní 30, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Tí kòkòrò bá wọlé, ọ̀kan á jí èkejì. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ C3 á lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà lára, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹfun sàmì sí ewúrẹ́, kí sẹ́ẹ̀lì funfun lè dá a mọ̀, kó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni C5 títí dé C9 á kóra jọ, wọn á dá ihò sí i lára, omi á rọ́ wọ inú rẹ̀, á sì bẹ́.

Ihò yìí gan-an ni ara fi ń ṣẹ́gun méníngókọ́kù, kòkòrò tó sábà máa ń fa yírunyírun lápá òkè Bẹ̀nẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tí ọ̀kan nínú C5 sí C9 kò sí lára rẹ̀ lè máa ṣeré káàkiri láìsí àìsàn mìíràn, ṣùgbọ́n méníngókọ́kù lè máa padà wá bá a. C6 ni ọmọ mi kò ní. Ara èmi àti bàbá rẹ̀ ló ti jogún àbùkù náà, bẹ́ẹ̀ àwa méjèèjì kò ṣàìsàn yìí rí. Torí náà, kí wọ́n yẹ àwọn ọmọ ìyá ọmọ yín wò pẹ̀lú.

CH50 ni orúkọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá kọ́ńpílímẹ́ńtì ń ṣiṣẹ́ pé. Ẹ jẹ́ kí ara ọmọ yá dáadáa ná, nítorí àìsàn fúnra rẹ̀ máa ń jẹ kọ́ńpílímẹ́ńtì tán. Ooru sì tètè ń bà á jẹ́: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà lára ọmọ mi bàjẹ́ lọ́nà Kútọnu torí wọn ò fi yìnyín sí i.

Kò sí oògùn tó ń dá C6 padà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára méníngókọ́kù, ti ACWY àti ti B (lẹ́tà oríṣi kòkòrò náà ni wọ́n), ni kẹ́ ẹ máa béèrè, kẹ́ ẹ sì máa tún un gbà nígbà tí dókítà bá dá. Bí ara rẹ̀ bá gbóná lóru, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ pe zémìjàn, ọlọ́kadà, kó gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Kí dókítà kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé pélébé, kó máa wà lápò ọmọ, torí nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ máa bá níṣẹ́ lóru lè má mọ̀ ọ́n rí.