Ọkọ̀ ojú omi tí kò tíì parí: ẹ tà á, àfi bí pákó ìdí rẹ̀ bá ṣì le

Ẹ kú wàhálà. Ẹ ní ọkọ̀ fáíbà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 22 ni, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ẹ ti tú u palẹ̀, ẹ ò wá mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ tà á, kẹ́ ẹ fi tọrẹ, tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ fi òòlù kékeré kan ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ̀ńjìnnì ń so mọ́. Bí ohùn rẹ̀ bá mú, tẹ́ ẹ sì ní ibi tí òjò ò ti ní í pa á, ẹ parí ẹ̀. Bó bá dún bí igi tó ti rin, ẹ tà á. Pákó inú ibẹ̀ ti jẹrà nìyẹn, iṣẹ́ ńlá sì ni.

Ẹ lè ta ẹ̀ńjìnnì lọ́tọ̀. Tírélà tẹ́ ẹ fi ń wọ́ ọkọ̀ náà ńkọ́? Ẹ má tà á ṣáájú o! Ọkọ̀ tí kò ní tírélà, owó yín lẹ ó fi kó o dànù.

Ní ti ìtọrẹ, iye tẹ́ ẹ ná kọ́ ni IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, ń wò. Bẹ́ ẹ bá kọ iye rẹ̀ ju $500 lọ, tí ẹgbẹ́ aláàánú sì kàn tà á láìlò ó, láìtún un ṣe, iye tẹ́ ẹ lè yọ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí ò lè ju iye tí wọ́n tà á lọ. Iye náà máa wà nínú fọ́ọ̀mù 1098-C tí ẹgbẹ́ náà máa fún yín. Ìyẹn náà, àfi bẹ́ ẹ bá ń to ìnáwó yín lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò owó orí.

Ṣé orúkọ yín ló wà lórí ìwé ọkọ̀? Ẹ yanjú ìyẹn kẹ́ ẹ tó polówó ẹ̀.