Gọ́ọ̀mù EVA tàbí PUR: ẹ̀rọ ìdìwé wo ló yẹ fún bébà dídán?

EVA àti PUR jẹ́ oríṣi gọ́ọ̀mù méjì tí ẹ̀rọ ìdìwé ń yọ́ láti fi lẹ ewé mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Bí bébà dídán ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín, ẹ̀rọ tó ń lo PUR ni kí ẹ rà. EVA tó fún bébà lásán. EVA, tí ẹ̀rọ ń yọ́ ní nǹkan bí 160 sí 180°C, kì í di ojú bébà dídán mú dáadáa, ìdí nìyẹn tí ojú ewé fi ń já bí a bá ṣí ìwé tẹ́jú.

PUR ń yọ́ ní nǹkan bí 120°C, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti ti bébà ló sì ń mú un le. Nítorí náà, táńkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé pa: èyí tó bá ti le sínú rẹ̀ kò ní yọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé sinmi fún wákàtí 24 kí ẹ tó fa ewé rẹ̀ wò bóyá ó dúró. Èéfín rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ má ṣe lò ó láìsí ẹ̀rọ tó ń fà á jáde.

Bí ìnípọn ìwé bá ń yí padà lemọ́lemọ́, ẹ̀rọ tó ń wọn ìnípọn fúnra rẹ̀ ló dára jù. Ṣùgbọ́n bí abẹ tó ń ha ẹ̀yìn ìwé bá ti kú, PUR pàápàá kò ní mú ewé dúró.