Kò sí ihò kankan tẹ́ ẹ máa wọ̀ ní Delphi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Manchester la wà, èmi àti màmá mi fẹ́ lọ sí Gíríìsì lóṣù kẹjọ. Ẹnì kan ń ta ìrìnàjò Delphi fún wa lórí WhatsApp, ó ní òun máa mú wa wọ inú ihò tí obìnrin aríran ayé àtijọ́ ti ń fa èéfín símú, pé èéfín yẹn ṣì ń jáde, a sì lè béèrè ohun tó wà lọ́kàn wa. Ó tún ní omi Castalia tó wà ńbẹ̀ ń wo orúnkún, orúnkún sì ń da màmá láàmú gan-an. Ṣé ká sanwó ẹ̀? Ṣé wákàtí méjì máa tó wa níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé é, àǹtí. Kí n má purọ́, ibi "wọ inú ihò" ni mo kà dé tí mo fi gbé fóònù sílẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ ṣìkẹrin tó máa bi mí nírú ẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ má san kọ́bọ̀. Kò sí ihò tí àlejò ń wọ̀ ní Delphi. Kì í ṣe pé wọ́n tì í, kì í ṣe pé èèyàn gbọ́dọ̀ mọ sẹkúríìtì kan, kò sí ni. Mi ò sọ pé olè lonítọ̀hún o, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tan òun náà.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ èéfín yìí. Pythia ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń jíṣẹ́ Apollo, òòṣà tó ni ibẹ̀. Plutarch, tí òun fúnra ẹ̀ jẹ́ abọrẹ̀ ní Delphi ní bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, sọ̀rọ̀ nípa atẹ́gùn kan tó ń tinú ilẹ̀ wá, ó ní òórùn dídùn a máa fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níbi yàrá tí àwọn tó wá béèrè ọ̀rọ̀ ń jókòó sí, bíi lọ́fínńdà olówó ńlá. Òórùn dídùn ló sọ. Ohun tó kọ tí kì í kúrò lọ́kàn mi ni ti ewúrẹ́. Kí Pythia tó wọlé, wọ́n á da omi tútù sórí ewúrẹ́ ìrúbọ, gbogbo ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ̀n kí wọ́n tó mọ̀ pé òòṣà gbà. Lọ́jọ́ kan àlejò ti ọ̀nà jíjìn wá, ewúrẹ́ ò gbọ̀n, wọ́n ń da omi ṣáá títí ó fi rin gbingbin kó tó gbọ̀n, obìnrin náà wọlé tipátipá, ohùn ẹ̀ há, ló bá figbe ta tó sáré síta, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Plutarch kọ pé irú èyí ṣẹlẹ̀, àwọn oníṣòwò wá sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ojoojúmọ́ kẹ̀? Ọjọ́ kan lóṣù ni Pythia ń jókòó dáhùn, tí òtútù bá sì dé, wọ́n ní Apollo ti rìnrìn àjò, ó di lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Èrò á tò bí èrò ilé epo. Àwọn ará Chios, erékùṣù Gíríìkì kan, tiẹ̀ kọ́ pẹpẹ ńlá síwájú tẹ́ńpìlì, wọ́n sì gba àṣẹ pé àwọn ni wọ́n á máa kọ́kọ́ dá lóhùn, àkọlé ẹ̀ wà lára òkúta yẹn dòní. Ẹ wo ìyẹn dáadáa tẹ́ ẹ bá débẹ̀. (Ẹ má sì bá wọn sọ pé "Ifá àwọn Gíríìkì" ni o, Ifá ní odù 256 téèyàn ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, wọn ò ní irú ẹ̀.)

Àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í wa ibẹ̀ ní 1892, odindi abúlé Kastri ni wọ́n ṣí kúrò lórí ẹ̀, wọ́n wa tẹ́ńpìlì dé ìsàlẹ̀, wọn ò rí ihò. Lọ́dún 2001 làwọn onímọ̀ ilẹ̀ kan wá kọ ọ́ pé ilẹ̀ sán lábẹ́ ibẹ̀, pé àwọn rí gáàsì kan tó ń jẹ́ ethylene díẹ̀ nínú omi ìsun kan. Àwọn mìíràn ní èyí tí wọ́n rí kéré, kò lè pa èèyàn bí ọtí. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn, ọ̀rọ̀ iyàn yìí làwọn kan wá ń tà fún yín. Ethylene yìí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń tú jáde tó bá ń pọ́n, tó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́ fà símú, ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí kíṣìnì yín.

Omi Castalia: wọ́n máa ń fi wẹ ara wọn mọ́ kí wọ́n tó lọ béèrè ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe omi orúnkún. Ìgbà tá a lọ kẹ́yìn, wọ́n ti fi géètì dí ibẹ̀ torí òkúta tó ń já bọ́ látorí àpáta. Èmi kì í ṣe dókítà o, ẹ gbé orúnkún màmá lọ bá GP.

Wákàtí méjì ò tó. Láti Áténì síbẹ̀ tó 180 kìlómítà, bọ́ọ̀sì ń lò tó wákàtí mẹ́ta ní àlọ nìkan, ẹ wá lọ lo wákàtí méjì? Mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹ̀bá òkè Parnassus ni, òkè lẹ máa gùn ṣáá, ẹsẹ̀ èrò sì ti jẹ́ kí òkúta ibẹ̀ máa yọ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá dúró sí mùsíọ́ọ̀mù. Ère idẹ ọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n hú jáde ní 1896 wà ńbẹ̀, ó ga bí èèyàn, ẹyinjú ẹ̀ ṣì wà, irun ìpéǹpéjú ẹ̀ gan-an fínnífínní. Èmi ò mọ ohun tí èéfín fẹ́ fi hàn yín tó jùyẹn lọ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í bóyá tíkẹ́ẹ̀tì àbáwọlé wà nínú owó ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ni kò fi sí i, àti bóyá mùsíọ́ọ̀mù wà ńbẹ̀. Tó bá jẹ́ páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ní, ìwé ìgbélé UK ò gbà yín wọ Gíríìsì, ẹ gba fíísà Schengen. Oòrùn oṣù kẹjọ le, ìjọba lè ti irú ibẹ̀ lọ́sàn-án tó bá ti pọ̀ jù, ẹ lọ láàárọ̀. Ẹ má mú òkúta kankan bọ àpò, bó ti wù kó kéré tó, ẹjọ́ ni.

Òfin Gíríìsì sì ní kí gáìdì tó ń ṣàlàyé fún àlejò níbẹ̀ ní láísẹ́nsì, òun ló jẹ́ kí èmi tí mò ń kó èèyàn lọ máa gba gáìdì ará ibẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí ẹni yìí fi fọ́tò káàdì gáìdì tó fẹ́ lò ránṣẹ́ sí yín lónìí. Tó bá fèsì, ẹ sọ ohun tó wí fún mi.