Ọwọ́ òsì ọmọ mi

Ìyá Àyọ̀ká, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ ní oṣù kẹrin ni ọmọ yín máa wọ kíláàsì kìíní ní Saitama, ní Japan níbí, pé ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Ẹ wá ń bèèrè irú pẹ́ńsù tí ẹ máa rà, àti bóyá kí ẹ tètè yí ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ti pẹ́ńsù ò le. 2B onígi, èyí tó rọ̀ tó sì ń dúdú dáadáa, ni kí ẹ rà, torí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí ò gba shāpen, pẹ́ńsù tí wọ́n ń tẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ yọ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra shitajiki, pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sábẹ́ ìwé.

Ti ọwọ́ ló ń dùn mí. Nígbà tí ọmọ tèmi, tí òun náà ń lo òsì, dé kíláàsì kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ shūji, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà kọ̀wé. Tíṣà rẹ̀ kọ̀wé sí mi: ṣé mo fẹ́ kó fi ọ̀tún di búrọ́ọ̀ṣì mú? Ó kàn bi mí ni, kò pa á láṣẹ. Èmi ni mo ní kó máa fi ọ̀tún ṣe gbogbo rẹ̀, àti pẹ́ńsù pàápàá. Inú mi tiẹ̀ dùn. Nílé wa, ta ló jẹ́ fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà?

Nígbà ìsinmi ọdún tuntun, wọ́n ní kí wọ́n kọ kakizome, ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lọ́dún tuntun, wá láti ilé. Mo jókòó tì í. Tó bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì sí òsì, màá gbá ọwọ́ náà. Bébà gígùn tí a bà jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pọ̀. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́. Ó ki ọwọ́ òsì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e.

Ó ti pé ọdún 14 báyìí. Ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, ó sì ń kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá le, mo ṣì ń rí òsì yẹn lábẹ́ itan rẹ̀.

Ẹ má sì bi mí nípa Yorùbá kíkọ. Kanji, àwọn àmì ìkọ̀wé Japan, 1,026 ni wọ́n kọ́ ọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó mọ ìlà tó ń ṣáájú àti èyí tó ń tẹ̀ lé e. Lẹ́tà tó kọ sí ìyá mi, kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an, katakana, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àjèjì níbí, ti sọ ẹ àti e di ọ̀kan. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe láwọn ọdún yẹn. Ìgbà wo ni ǹ bá kọ́ ọ?

Ẹ wá àlùmọ́gàjí olósì fún un, wọ́n ń tà á. Ẹ sọ fún tíṣà ní ìpàdé àkọ́kọ́ pé òsì ló ń lò. Tó bá wá kan ti búrọ́ọ̀ṣì, ẹ bi ọmọ yín fúnra rẹ̀. Èmi ò bi tèmi.