Ẹ Bi Wá: Ogúnléndé Tó Fẹ́ Di Ẹnjiníà àti Mẹ́yọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi gboyè ẹnjiníà ọ̀nà àti afárá nílé. Amẹ́ríkà ti fún un ní ààbò ogúnléndé, ṣùgbọ́n ẹrù ló ń tò ní ilé ìkẹ́rùsí. Ó ní òun máa padà sídìí iṣẹ́ òun, pé ogúnléndé tilẹ̀ ń di mẹ́yọ̀ lókè òkun. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo lè bá a ṣe láti ibí? — Ìyá kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, Mà. Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Odàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wá ààbò lọ sí Ireland ní 2000. Ní 2007 ó di mẹ́yọ̀ Portlaoise. Wilmot Collins sá ogun Liberia, ó sì wọlé ìbò mẹ́yọ̀ Helena, ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, ní 2017. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnjiníà nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀nà iṣẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀nà ipò.

Iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ dojú kọ. Níhìn-ín, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe náà ni ẹnjiníà wa. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ń polówó ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún aráàlú láìní láísẹ́ńsì lè jẹjọ́. Kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NCEES, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò láísẹ́ńsì ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè yẹ oyè rẹ̀ wò. Ibẹ̀ lẹ ti máa wúlò. Kó kọ lẹ́tà àṣẹ fún yín, kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì rẹ́jísírà fásitì rẹ̀, kí ẹ sanwó tíránsíkíríìpù, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Fásitì fúnra rẹ̀ ni kó fi ránṣẹ́ tààrà o! Èyí tó bá gba ọwọ́ ẹbí kọjá, wọn ò ní kà á sí. Ẹ béèrè àlàyé ohun tí wọ́n kọ́ nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Ẹ wo orúkọ dáadáa: bí ti fásitì bá jẹ́ Taiwo, tí ti Amẹ́ríkà jẹ́ Taiye, ẹ tètè ṣe àfídáfíìtì ní kóòtù. (Ẹni tó ní HND, kó bi bọ́ọ̀dù tó ń fún ẹnjiníà ní láísẹ́ńsì ní ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé léèrè kó tó náwó kankan.)

Lẹ́yìn náà ló kan FE, ìdánwò àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà láísẹ́ńsì, ìbéèrè 110 láàárín wákàtí 6. Yóò wá ṣiṣẹ́ bí ọdún 4 lábẹ́ ẹnjiníà tó ní láísẹ́ńsì, kó sì yege nínú PE, ìdánwò kejì, kí wọ́n tó fún un ní láísẹ́ńsì tirẹ̀.

Ní ti mẹ́yọ̀, ní Ireland, ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀ lè du káńsẹ́lọ̀ bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló sì yan Adebari láàárín ara wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, àfi ẹni tó lè dìbò. Bí ọdún kan bá pé lórí ààbò rẹ̀, kó béèrè green card. Ọjọ́ tí wọ́n máa kọ síbẹ̀ yóò fi ọdún kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn ni kó ka ọdún 5 kó tó di ọmọ ibẹ̀.

Títí dìgbà náà, bó bá lọ gba láísẹ́ńsì ọkọ̀, tí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kó ní rárá. Wọ́n lè torí ẹ̀ lé e kúrò nílùú. Kó má sì fi páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wálé wá jọ́dún Ọ̀ṣun: wọ́n lè ní ibi tó lóun sá fún kò le tó bó ṣe sọ.